Ẹ̀kọ́ T'oṣù Yìí: Bí Àwọn Ẹgbẹ́ Aláàánú Ṣe Ń Dáwó Jọ fún Ọ̀dọ́ Olùwádìí Ìlera

Ẹ̀kọ́ t'oṣù tó kọjá dá lórí onígbọ̀wọ́ àti ohun tí òfin ẹgbẹ́ sọ nípa ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó ẹlòmíràn. T'oṣù yìí lè dà bí ẹni pé ó jìnnà sí wa díẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìnnà. Àbá kan ti wọlé sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ pé kí ẹgbẹ́ wa àti àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mìíràn ní àgbègbè yìí máa yọ díẹ̀ lọ́dọọdún nínú owó tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́, kí a pa á pọ̀ mọ́ t'ẹgbẹ́ aláàánú kan, kí a fi ran ọ̀dọ́ olùwádìí kan lọ́wọ́, ẹni tí yóò máa wádìí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní SS. Ìpàdé gbogbogbòò ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí gbogbo wa mọ bí irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, kí a mọ ibi tó dára sí, kí a sì mọ ibi tó ti lè gbé ènìyàn ṣubú.

Ta ni ọ̀dọ́ olùwádìí?

Ọ̀rọ̀ "ọ̀dọ́" yìí kì í ṣe ti ọjọ́ orí. Ẹni tó ti pé ogójì ọdún, tó ti bímọ mẹ́ta, lè jẹ́ ọ̀dọ́ nídìí ìwádìí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù ṣe jẹ́ ọ̀dọ́ lọ́jà bó ti wù kó dàgbà tó. Ó lè jẹ́ dókítà, ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì, apòògùn, tàbí ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní lábù. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ó fẹ́ wá ìdí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Dókítà tó jókòó sí ọsibítù ń béèrè pé, "Oògùn wo ni n ó fún ọmọ yìí?" Olùwádìí ń béèrè pé, "Kí ló dé tí oògùn yìí bá ọmọ yìí mu tí kò bá ọmọ kejì mu?" Ìbéèrè kejì yìí kì í tán lọ́jọ́ kan. Ó lè gba ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ènìyàn tó rí ìdáhùn tó ṣeé gbójú lé, ó sì lè jẹ́ pé ìdáhùn náà ni pé oògùn ọ̀hún kò ṣiṣẹ́ rárá. Ìyẹn náà wúlò, nítorí ẹlòmíràn kò ní í fi owó ṣòfò lórí rẹ̀ mọ́.

Ìṣòro ẹni bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn ìyá wa tó ń ta aṣọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ gbé ọjà àwìn fún un, nítorí wọn kò tíì mọ̀ ọ́n. Wọn kò sì lè mọ̀ ọ́n àfi bó bá rí ọjà tà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn tó ń fúnni lówó ìwádìí ńlá ṣe máa ń béèrè pé, "Iṣẹ́ wo lo ti ṣe rí? Ìwé wo lo ti tẹ̀ jáde?" Ẹni tí kò tíì ṣe é rí, níbo ni yóò ti mú un wá? Ìdí nìyí tí wọ́n fi ya owó kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, kí wọ́n má baà bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí orí wọn ti funfun du owó kan náà.

Kí ni owó náà wà fún? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé ni. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ àwọn tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé wà níbẹ̀, ẹ̀rọ àti ìwé wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀ ni àkókò. Olùkọ́ tó ń kọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́, tó ń máàkì ìwé wọn, tó tún ní láti wọ wọ́ọ̀dù láàárọ̀, ìgbà wo ni yóò ṣe ìwádìí? Owó ìwádìí tó dára máa ń ra wákàtí rẹ̀ padà lọ́wọ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ibi tí wọn kò bá ti ra wákàtí, ẹ̀bùn náà a di ẹrù kún ẹrù.

Ìdí tí ẹnìkan kì í fi í dá a gbé

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ná, nítorí ibẹ̀ ni àṣà yìí ti fìdí múlẹ̀ dáadáa. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tó ń dá owó fún ìwádìí àìsàn ti pẹ́ níbẹ̀. Ọdún 1902 ni wọ́n dá èyí tí ń wádìí jẹjẹrẹ sílẹ̀, ìyẹn Imperial Cancer Research Fund. Ti àìsàn ọkàn, British Heart Foundation, bẹ̀rẹ̀ ní 1961. Ti àìsàn SS, Sickle Cell Society, bẹ̀rẹ̀ ní 1979. Ibo ni wọ́n ti ń rówó? Inú agolo tí wọ́n ń gbé kiri ni, àti àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aṣọ àlòkù, eré sísá tí àwọn ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ dáwó, àti ìwé ìhágún àwọn tó ti kú. Owó kéékèèké lọ́pọ̀lọpọ̀, gẹ́gẹ́ bí tiwa náà ti rí. Ní 1987 púpọ̀ nínú wọn kóra jọ sábẹ́ àjọ kan tí wọ́n ń pè ní Association of Medical Research Charities, kí ohùn wọn lè ṣọ̀kan níwájú ìjọba.

Ìjọba náà ní tirẹ̀. Medical Research Council ti wà láti 1913, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ nígbà náà. National Institute for Health Research, tí wọ́n ti fi ìtọ́jú ènìyàn kún orúkọ rẹ̀ báyìí, bẹ̀rẹ̀ ní 2006. Àwọn wọ̀nyí ní ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀, wọ́n ní ayẹ̀wé-owó-wò, wọ́n ní fọ́ọ̀mù tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ohun tí wọn kò ní ni owó tó tó gbogbo àìsàn. Ẹgbẹ́ aláàánú ẹ̀wẹ̀ ní owó, ó sì ní ìfẹ́, ṣùgbọ́n àìsàn kan ṣoṣo ló ń lépa, kò sì rọrùn fún un láti wá àwọn amòye tí yóò yẹ ìwé àbá wò lọ́dọọdún.

Nítorí náà wọ́n jùmọ̀ ṣe é. Ọ̀dọ́ dókítà kan kọ ìwé àbá ẹyọ kan, ó gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà kan. Ìgbìmọ̀ ìjọba kà á pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn, láì wo ọmọ ẹni tí ó jẹ́. Bí ìwé rẹ̀ bá yege, tí ohun tó fẹ́ wádìí sì bọ́ sórí àìsàn tí ẹgbẹ́ aláàánú kan ń bójú tó, àwọn méjèèjì a pín ìnáwó rẹ̀ láàrin ara wọn, orúkọ àwọn méjèèjì a sì wà lórí ẹ̀bùn náà. Medical Research Council ti bá oríṣiríṣi ẹgbẹ́ aláàánú ṣe é báyìí fún àwọn dókítà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ó ti bá àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn oníṣẹ́-abẹ náà ṣe é.

Àǹfààní rẹ̀ hàn gbangba. Ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ tó ẹnìkan péré, bí ó bá rí ẹni bá a gbé ìdajì, ó lè gbé ènìyàn méjì dìde. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ a sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀sùn pé ojúsàájú ló fi pín owó. Nínú àwọn ẹgbẹ́ aláàánú mìíràn, àwọn aláìsàn fúnra wọn àti àwọn òbí wọn máa ń jókòó kà nínú ìwé àbá wọ̀nyí kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Èyí dùn mọ́ wa púpọ̀. Ẹni tí bàtà ta lẹ́sẹ̀ ló mọ ibi tó ti ń dùn ún.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe èyí ní èsúsú o. Nínú èsúsú, ẹni tó dá a yóò kó o nígbà tó bá kàn án. Nínú èyí, kò sí ẹni tí yóò kó owó rẹ̀ padà. Ohun tó sún mọ́ ọn jù nínú ẹgbẹ́ wa ni onígbọ̀wọ́ méjì lórí ìwé ẹ̀yáwó kan: bí ọ̀kan bá yẹ̀, gbogbo rẹ̀ bọ́ sọ́rùn èkejì.

Ó sì máa ń yẹ̀. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ àlòkù, eré sísá dúró, agolo kò jáde mọ́. Owó tó ń wọlé fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sílẹ̀, àwọn tó kọ́kọ́ fara gbá a sì ni àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí, nítorí àwọn ni iṣẹ́ wọn ní ọjọ́ ìparí tí a kọ sínú ìwé. Ní 2021 ìjọba ní láti gbé 20 mílíọ̀nù pọ́n-ùn kalẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí tí owó ẹgbẹ́ aláàánú ń gbé ró, kí wọ́n má baà fọ́n ká. Lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba yẹn ló tún gé owó ìrànwọ́ tó ń fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè kù láti ìdá 0.7 sí ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè wọn. Àwọn olùwádìí tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, àti lọ́dọ̀ wọn àti lókè òkun, gbọ́ pé owó tí wọ́n ti fọwọ́ sí kò ní í pé mọ́. Ìjọba kan náà, ọdún kan náà: ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ti ilé ró, ó fi t'òsì gé ti òkèèrè.

Ó wà nílé níbí pẹ̀lú

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni. Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ilé-Ifẹ̀ wà nínú irú ètò yìí, púpọ̀ nínú wa kò sì mọ̀. Orúkọ ètò náà ni Consortium for Advanced Research Training in Africa, wọ́n ń gé e kúrú sí CARTA. Ọdún 2008 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ilé ìwádìí kan tó wà ní Nairobi ní Kenya, èyí tí wọ́n ń pè ní APHRC, àti Yunifásítì Witwatersrand ní Gúúsù Áfíríkà ló jùmọ̀ ń darí rẹ̀. Makerere ti Uganda wà nínú rẹ̀, Nairobi àti Moi ti Kenya wà níbẹ̀, àwọn ti Rwanda àti Màláwì náà wà níbẹ̀.

Àwọn tó ti dá owó rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Carnegie Corporation of New York wà níbẹ̀, èyí tí Andrew Carnegie, ọlọ́rọ̀ onírin nì, dá sílẹ̀ ní 1911. Àjọ ìrànwọ́ ìjọba Sweden wà níbẹ̀, ti Norway náà sì wà níbẹ̀. Wellcome Trust àti ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún gba inú ètò kan tí wọ́n ń pè ní DELTAS Africa wọlé, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015 pẹ̀lú nǹkan bíi 100 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò ìkọ́ni 11 káàkiri Áfíríkà. Wellcome Trust yìí, ìwé ìhágún apòògùn kan ló bí i: Henry Wellcome, ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣòwò oògùn ní London, tó kú ní 1936. Ní ti Carnegie, kì í ṣe òní ló mọ ọ̀nà Nàìjíríà. Owó rẹ̀ ló gbé ìgbìmọ̀ Ashby kalẹ̀ ní 1959, àwọn tó wo ọ̀rọ̀ yunifásítì orílẹ̀-èdè yìí kí a tó gba òmìnira.

Ẹ wo bí CARTA ṣe ń ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Ẹni tí yóò gba owó náà gbọ́dọ̀ ti jẹ́ òṣìṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tàbí ilé ìwádìí wọ̀nyí. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà láti dín iṣẹ́ kíkọ́ni rẹ̀ kù, kó lè ráyè. Yóò gba oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ níbí ní Áfíríkà. Láàrin ìgbà tó bá ń ṣe é, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè mìíràn yóò pàdé lẹ́ẹ̀mẹrin fún ẹ̀kọ́ àjọkọ́ tó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń gbé ìbéèrè kalẹ̀, bí a ṣe ń ka iye, bí a ṣe ń kọ ìwé tí àwọn amòye yóò gbà, àti bí a ṣe ń wá owó ìwádìí tó kàn. Àwọn olùkọ́ àgbà tó ń tọ́ wọn sọ́nà náà ń gba ẹ̀kọ́, títí kan àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì àti ti ilé ìkàwé. Bí ọ̀mọ̀wé náà bá ti gba oyè tán, owó díẹ̀ tún wà tó lè bèèrè fún láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn tó ti gba inú ètò náà kọjá ju 200 lọ.

A fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ pé òṣìṣẹ́ ilé ni wọ́n ń mú. Gbogbo wa la ní ọmọ, tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n, tàbí ọmọ aládùúgbò, tó gba owó ìrànwọ́ lọ sí òkè òkun tí kò padà. A kò bá wọn wí. Ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹ̀rọ ńlá tó padà wá bá tábìlì lásán, kí ló fẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe? CARTA gbìyànjú láti yí i po: wọ́n fi ẹsẹ̀ ọmọ náà sílẹ̀ nínú ilé, wọ́n wá gbé ẹ̀kọ́ wá bá a, wọ́n sì gbìyànjú láti tún ilé náà ṣe díẹ̀ kí ó má baà wù ú láti sá jáde. Kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ó kàn jẹ́ kí dídúró ní ìtumọ̀.

Síbẹ̀, nǹkan kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Ẹ tún ka orúkọ àwọn tó dá owó: New York, London, Sweden, Norway. Àwọn yunifásítì wa mú òṣìṣẹ́ àti àkókò wá, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n nínú owó, kò sí ẹgbẹ́ àwọn ènìyàn ilé níbẹ̀.

Ẹni tó mú ìdajì wá ló ń yan àìsàn

Ibí yìí ni ọkàn ọ̀rọ̀ wà. Bí ìjọba bá sọ pé, "Ẹ mú ìdajì wá, èmi náà á mú ìdajì wá," ó dà bí ohun tó dọ́gba fún gbogbo ènìyàn. Kò dọ́gba. Àìsàn tí àwọn òbí ọmọ tó ní in bá lówó lọ́wọ́, kíá ni wọ́n á ti kó ìdajì jọ. Àìsàn àwọn mẹ̀kúnnù a máa wo ojú ọ̀run.

A ní ìṣirò kan lọ́wọ́ tó fi èyí hàn. Ní 2020, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà tó fi owó tí wọ́n ná lórí àìsàn méjì wé ara wọn, láti 2008 sí 2018. Àìsàn kìn-ín-ní ni SS, tó wà lára nǹkan bíi 90,000 ènìyàn níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Èkejì ni cystic fibrosis, àìsàn àjogúnbá tó ń di ẹ̀dọ̀fóró pa, tó wà lára nǹkan bíi 30,000, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ aláwọ̀ funfun. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń bí mọ́ ọmọ, àwọn méjèèjì ló sì ń gé ẹ̀mí kúrú. Bí a bá pín owó ìwádìí ìjọba fún ọdún kọ̀ọ̀kan sórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ní cystic fibrosis gba dọ́là 2,807, ẹni tó ní SS gba 812. Ẹ wá wo ti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú: dọ́là 7,690 fún ẹni kìn-ín-ní, 102 péré fún ẹni SS. Ìyẹn jẹ́ ìlọ́po 75.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ìṣirò ìpàdé. Ká ní ìjọba yẹn sọ lọ́la pé òun yóò fi dọ́là kan lé dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ẹgbẹ́ aláàánú bá mú wá. 102 yóò di 204. 7,690 yóò di 15,380. Àlàfo tó wà láàrin wọn, tó jẹ́ 7,588 tẹ́lẹ̀, yóò di 15,176. Owó pọ̀ sí i fún àwọn méjèèjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ dókítà tó ń wá ibi tí yóò ti jẹun yóò wo apá ibi tí owó wà, yóò sì gba ibẹ̀ lọ. Bí ogún ọdún bá kọjá, àìsàn kan ní ọ̀gọ́rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n, èkejì ní ìwọ̀nba. Kò sí ẹni tó ṣe ibi. Àwọn òbí ọmọ tó ní cystic fibrosis ṣe ohun tó yẹ kí òbí ṣe: wọ́n kóra jọ láti 1955 ní Amẹ́ríkà àti láti 1964 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì sinmi. A gbóríyìn fún wọn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, níbi tí àwọn tó ní SS ti ju 15,000 lọ, tí ọmọ àwọn ará ilé wa sì pọ̀ nínú wọn, àwọn aṣòfin kan tẹ ìwé ìròyìn jáde ní oṣù Kọkànlá 2021 tó sọ pé owó ìwádìí àìsàn náà kéré sí ti àwọn àìsàn tó jọ ọ́.

Nílé níbí ńkọ́? Ìdíyelé tí wọ́n sábà máa ń lò ni pé nǹkan bíi 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú SS lọ́dọọdún ní Nàìjíríà, àti pé nínú ènìyàn mẹ́rin, nǹkan bí ẹnìkan ló jẹ́ AS. Kò sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí wọn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú dá Sickle Cell Foundation Nigeria sílẹ̀ ní Èkó ní 1994, iṣẹ́ ńlá sì ni wọ́n ti ṣe láti ìgbà náà. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kò lè gbé ẹrù yìí.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ṣebí òyìnbó yóò wádìí rẹ̀, a ó sì ra oògùn lọ́wọ́ wọn." Wọ́n ti wádìí rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2023 ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tó ń tún àṣẹ inú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe, Amẹ́ríkà náà fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Iye tí wọ́n kọ sí i ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ènìyàn kan. A kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ sí ìyẹn.

Ẹ fi wé ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Kánò àti Kàdúná, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2022. Oògùn tó ti pẹ́ ni wọ́n lò, hydroxyurea. Wọ́n pín àwọn ọmọdé tó ní SS sí ọ̀nà méjì: àwọn kan lo ìwọ̀n kékeré, àwọn kejì lo ìlọ́po méjì rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìwọ̀n kékeré lè dènà àrùn rọpárọsẹ̀ tó ń mú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọn kò rí ìyàtọ̀ láàrin méjèèjì ní ti rọpárọsẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gba ìtọ́jú ní Seattle kò nílò kí ẹnikẹ́ni béèrè ìbéèrè yẹn fún un. Ẹni tó ń ra oògùn láti inú owó àtijẹ ló nílò rẹ̀, ọmọ ilé tó mọ ìnira náà ló sì lè ronú kàn án. Owó ìwádìí yẹn, ìjọba Amẹ́ríkà ló dá púpọ̀ nínú rẹ̀, ẹ sì ti gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí owó ìjọba òkèèrè bí ọkàn wọn bá yí.

Nípa àbá tó wà níwájú wa

A kò ní í fi èrò wa pamọ́: àbá náà wù wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ ọ́ yìí.

Èkíní, ìwé àbá náà sọ iye ní náírà fún ọdún mẹ́ta, ó sì dúró síbẹ̀. Ẹ rántí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023 nǹkan bíi 460 náírà ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní gbangba. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì 2024, ó ti kọjá 1,500. Kẹ́míkà lábù, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Olùwádìí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú owó tó pé lè má rí ìdá mẹ́ta rẹ̀ rà kó tó parí. Ó yẹ kí a mọ ẹni tí yóò gbé àlékún náà, àbí kí a yan iṣẹ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbára lé ọjà òkèèrè, bí irú èyí tó jẹ́ owó ọkọ̀ àti owó àwọn tó ń lọ sí ojúlé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Èkejì, ta ni yóò san owó iná? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ aláàánú kì í sábà san owó iná àti òrùlé yunifásítì. Ìjọba ní owó kan tó ń fún àwọn yunifásítì nítorí ìyẹn. Níbí, bí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kó jọ láti oṣù mẹ́fà bá bàjẹ́ nínú fíríìjì nítorí pé dísù tán, gbogbo owó wa ti wọgbó. A fẹ́ kí yunifásítì tó bá gba ẹni náà kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, pé iná àti jẹnẹrétọ̀ wà lọ́rùn àwọn, àti pé wọn yóò dín iṣẹ́ kíkọ́ni ẹni náà kù. Bí wọn kò bá lè kọ ọ́, kí a má tíì san kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ yíyan ẹni tún wà níbẹ̀. A gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé kí ó jẹ́ ọmọ ọmọ-ẹgbẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, rárá. Ọjọ́ tí a bá fi ojú ọmọ ta ni yan ẹnìkan ni ẹgbẹ́ aláàánú tí a fẹ́ bá pawọ́ pọ̀ yóò ti kó tirẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ tí kò mọ̀ wá ni kó yẹ ìwé wò. Ohun tó yẹ kí a béèrè fún ni ìjókòó méjì nínú ìgbìmọ̀ tí yóò sọ ohun tí wọ́n máa wádìí: ọ̀kan fún aṣojú àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀kan fún òbí tó ń tọ́ ọmọ SS. A ní irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ láàrin wa, wọ́n sì mọ ohun tí ìwé kò sọ: ọmọ tí ìrora mú lóru nígbà tí ọkọ̀ kò sí, ọmọ tí wọ́n ní ó ń díbọ́n nílé-ìwé.

Ní ti ìròyìn àti ìṣirò owó, kí ó jẹ́ ìwé kan náà fún gbogbo àwọn tó dá owó, lẹ́ẹ̀kan l'ọ́dún, kí wọ́n sì kọ ẹ̀dà rẹ̀ ní Yorùbá tí a lè kà ní ìpàdé. Olùwádìí tó ń kọ oríṣi ìròyìn mẹ́rin fún olówó mẹ́rin kò ní í ráyè ṣe ìwádìí kankan. Kí a sì fi owó ọdún kẹta sí báńkì kí ọdún kìn-ín-ní tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá yẹ̀ láàrin ọ̀nà, ọmọ ọlọ́mọ kò ní í wà lórí omi láìsí àjẹ̀.

Èyí tí a kò tíì rí ìdáhùn sí nínú ìwé náà ni ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọdún kẹrin. CARTA ní owó díẹ̀ nílẹ̀ fún ẹni tó bá ti gboyè. Àbá tiwa dákẹ́. Ìgbìmọ̀ ti kọ̀wé sí àwọn tó mú un wá pé kí wọ́n dáhùn kó tó di ìpàdé.

Ẹ̀dà ìwé àbá náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tí kò bá lè kà á, wọn yóò kà á sókè ní ìpàdé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lóṣù yìí. Ẹni tó bá ní àtúnṣe, kí ó kọ ọ́ tàbí kí ó sọ ọ́ fún alága ẹ̀ka rẹ̀, kí wọ́n lè kà á pọ̀ mọ́ ìwé náà kí a tó dìbò.